Àrokò àti Ìwé Nígbà Ogun Kírìjì

Àwa ará Ìbàdàn máa ń sọ̀rọ̀ Kírìjì bí ẹni pé akin lásán ni wọ́n fi jà á. Òmìnira ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń wá lọ́wọ́ wa. Ìyà àwọn ajẹ́lẹ̀ wa, àwọn aṣojú tí a fi ṣọ́ ìlú wọn, ló sú wọn. Ẹ jẹ́ ká fi ìbọn sílẹ̀, ká wo bí wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn.

Àrokò, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ láìkọ̀wé, ló wà látilẹ̀. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so kojú síra, ọ̀rẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá so wọ́n kẹ̀yìn síra, ìjà dé. Ẹyọ mẹ́fà: ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ: ọ̀rọ̀ wa jọ. Kò gba kí ẹnikẹ́ni mọ̀wé. Àmọ́ ẹyọ mélòó lẹ fẹ́ so kó tó sọ ohun tí àdéhùn 1886 sọ, pé ìlú mẹ́rin, Ọ̀tan àti Ìgbájọ lára wọn, yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, tí Èkìtì yóò sì dá dúró? Ìwé nìkan ló lè ru irú ẹrù yẹn.

Ìwé náà ní wàhálà tirẹ̀. Lóṣù kẹwàá 1881, Aláàfin Adéyẹmí kọ̀wé sí gómìnà Èkó pé kí Gẹ̀ẹ́sì wá bá wọn parí ogun. Samuel Johnson, òjíṣẹ́ ìjọ CMS (ẹgbẹ́ ajíhìnrere Gẹ̀ẹ́sì), ló gbé e lọ. Ẹ̀gbá ti ọ̀nà, Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà, ìwé kì í sì í fò kọjá oníbodè. Bó bá sì dé, ẹlòmíràn ni yóò kà á fún olórí ogun. Ní tèmi, ẹni tó ń kà á yìí lágbára ju ẹni tó kọ ọ́ lọ.

Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú ní bùdó ní 1885, Balógun Àjàyí Òṣúngbẹ́kún gba ipò, ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú. Ní 1886, Gómìnà Moloney rán Johnson sí ọ̀dọ̀ wa, ó rán Charles Phillips sí Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àpapọ̀ ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ìjòyè fi àmì X tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n sì kéde àlàáfíà ní bùdó ní September 23.

Ibi tí ìwé àdéhùn náà ti yẹ̀ ni ti Modákẹ́kẹ́: ó ní kí àwọn ará ibẹ̀ kó lọ sáàárín odò Ọ̀ṣun àti Ọbà, wọ́n kọ̀. Ìlọrin kò sì sí nínú àdéhùn náà rárá, ogun tí Ìlọrin ń bá Ọ̀fà jà sì ń lọ, nítorí náà Ìkìrun làwọn ọmọ ogun wa tún pàgọ́ sí, títí Gómìnà Carter fi dé ní 1893.