Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí àwo orin àtijọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kó àwo àtijọ́ jọ ní Iléṣà níbí, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ifẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi ń dùn sí yín gan-an, torí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ní orí mi ò pé, wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi pàǹtírí ṣe. Àmọ́ ohun tí mo rí lọ́wọ́ ọ̀kan nínú yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ó gbé àwo 78 lé itan, àwo ayé àtijọ́ tó ń yí ní ìgbà méjìdínlọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan, ó ti rẹ òwú sínú sípíríìtì, ó fẹ́ máa nù ún. Mo pariwo débi tí ará ilé fi jáde. Ọwọ́ ẹ̀ ò tíì kàn án, ọpẹ́ ni.

Mi ò ní kọ́ yín ní ìyàtọ̀ 33, 45 àti 78, ẹ ti mọ ìyẹn. Mo kàn fẹ́ to nǹkan mẹ́ta sílẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ yé lé orúkọ ńlá nìkan kiri. Gbogbo yín lẹ ń wá I.K. Dairo, olórin jùjú. Kò burú, ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ọmọ wa ni, oyè MBE ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún un ní 1963, gbogbo Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n fún. Àmọ́ àwo ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀, wọ́n ti gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ sórí CD, tí tiyín bá fọ́ lónìí ẹ máa rí òmíì. Àwo tí ẹnì kan ò mọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wá, èyí tí kọ́ọ̀yà ṣọ́ọ̀ṣì kan dáwó ṣe fún ìkórè, èyí tí ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti kógbá wọlé fi polongo ìbò. Mo ní 45 kan nílé tó jẹ́ pé ìdílé kan ló sanwó ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sìnkú ìyá wọn. Fótò màmá náà ló wà lára lébù, ìyẹn bébà tó lẹ̀ mọ́ àárín àwo. Tí olórin bá ti ki ìyá tán, á wá bọ́ sórí àwọn ọmọ, látorí àkọ́bí dé àbíkẹ́yìn, á máa sọ nǹkan tí kálukú ń tà àti ìlú tó ti ń tà á, títí kan ọkọ àbúrò wọn tó jẹ́ dírẹ́bà. Wọn ò tà á ní ṣọ́ọ̀bù kankan, ẹni tó wá síbi òkú ni wọ́n pín in fún. Tí tèmi bá bàjẹ́, ibo la ti fẹ́ rí òmíì?

Ìkejì, nọ́ńbà. Méjì ló máa ń wà lára àwo 78. Ọ̀kan wà lórí lébù, bíi èyí tó fi JZ bẹ̀rẹ̀ lára àwọn tí iléeṣẹ́ àwo HMV ṣe fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tàbí EZ ti iléeṣẹ́ Zonophone. Ìkejì ni wọ́n fín sára àwo fúnra ẹ̀, níbi dídán tó wà láàárín ibi tí orin parí sí àti lébù. Aáyán lè jẹ lébù, kò lè jẹ ìyẹn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ máa rí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fótò ojú méjèèjì.

Ìkẹta, fífọ̀. Mi ò lè sọ ti fífọ̀ kí n má sọ ti àpótí baba òṣómàáló.

Baba yẹn ta aṣọ àwìn títí dé òkè Ọya, kò sí ibi tó dé tí kì í ra àwo bọ̀. Nígbà tó kú, àpótí àwo ẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó ẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń lọ kí ìyá náà kó tó gbà kí n ṣí i. Mo tún gíramafóònù baba ṣe, a wá gbé àwo kan sí i, tí aáyán ti jẹ lébù ẹ̀ tán. Ìlù ló kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan gbé orin, ojúlówó èdè Ìjẹ̀ṣà, kì í ṣe ti Ọ̀yọ́ tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ lára àwo. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é. Ó ní òun mọ ohùn yẹn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ni, kí n yí i sí ẹ̀yìn kóun lè mọ èwo nínú wọn ni. Mo ní ìyá, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ irin yìí ń họ àwo, ẹ jẹ́ kí n lọ wá ẹ̀rọ tó ní abẹ́rẹ́ 78 tó dáa wá.

Kí n tó rí ẹ̀rọ náà, àwọn ọmọ ti pe ọ̀gá kan wá láti ìlú ńlá. Ó ní láptọ́ọ̀pù, òyìnbó ẹnu ẹ̀ sì dán. Ojú mi ló ṣe tú àpótí sílẹ̀ ní pálọ̀. Mo ní ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ nọ́ńbà wọn. Ó ní òun máa kọ ọ́ tóun bá fọ̀ wọ́n tán. Ó yọ sípíríìtì. Mo ní rárá, sípíríìtì kọ́. Ó ní ta ló ń kọ́ ta níṣẹ́? Àkọ́bí ilé sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí àlejò àwọn ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Ó ń nù ún, òwú ń dúdú. Ó gbé òwú sókè, ó ní ẹ wo bí ìdọ̀tí ṣe pọ̀ tó, ó tún tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Ìdọ̀tí kọ́ o, àwo gan-an ló ń yọ́. Nígbà tó fi máa gbé e sórí ẹ̀rọ, ojú àwo ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fín sí i ti dàrú, ariwo ṣáá-ṣáá ló ń dún. Ìyá na etí títí, ó ní, "Ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọkùnrin yẹn palẹ̀ láptọ́ọ̀pù ẹ̀ mọ́, ó lọ, kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnì kankan títí dòní, ó ṣì ń ráyè jókòó níwájú èèyàn pé òun ń tọ́jú àṣà.

Ẹ gbọ́, 45 àti LP, ìyẹn 33, ike ni. Àwọn òyìnbó tẹ́ ẹ ń wò lórí YouTube tí wọ́n ń fi ọtí nu àwo, ike ni wọ́n ń nù. Sẹ̀láàkì ló wà nínú 78, oje tí kòkòrò kan ń yọ sára igi ní Íńdíà, tí wọ́n pò mọ́ òkúta lílọ̀. Kí ni káfíńtà fi ń yọ́ sẹ̀láàkì tó fẹ́ fi ṣe pólíìṣì? Sípíríìtì! Ẹ lọ bi káfíńtà èyíkéyìí ní Iléṣà. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ olómi ẹ̀kán kan, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kẹ́ ẹ má jẹ́ kómi kan lébù, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ kíá. Ó tán.

Ká ní ó kọ nọ́ńbà yẹn ni, à bá ṣì rí nǹkan ṣe, torí wọn kì í tẹ ẹyọ kan ṣoṣo. Àwọn àwo àtijọ́ EMI, iléeṣẹ́ tó ni HMV àti Zonophone nígbà kan, wà níbi ìtọ́jú EMI Archive Trust ní Hayes, ní Lọ́ńdọ̀n, níbẹ̀ ni iléeṣẹ́ àwo Honest Jon's ti rí orin táwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọ ní Britain láàárín 1927 sí 1929 tí wọ́n gbé jáde ní 2008. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà lè kọ̀wé síbẹ̀, ó lè bi àwọn tó ń kó àwo ní Accra. Èmi, kí ni mo fẹ́ kọ sínú lẹ́tà? Pé ọkùnrin kan kọrin?

Ìyá náà ṣì wà láyé, etí ẹ̀ ṣì mú. Torí náà, tẹ́ ẹ bá rí 78 kan níbikíbi, tí ìlù kọ́kọ́ dún, tí ọkùnrin kan wá fi èdè Ìjẹ̀ṣà gbé orin, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má yí i sí ẹ̀yìn, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ kẹ́ ẹ pè mí. Màá gbé ẹ̀rọ wá fúnra mi.