Mo ti Pólì Wọ Yunifásítì: Ohun tí Direct Entry Computer Science Kọ́ Mi

Bí èèyàn bá ń gbé Abẹ́òkúta tó sì fẹ́ kàwé kọ̀ǹpútà, ọ̀nà kò pọ́n ọn lójú. FUNAAB wà ní Àlàbàtà; lóòótọ́, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún ní 1988, àmọ́ wọ́n ń kọ́ Computer Science níbẹ̀. MAPOLY tí í ṣe pólì wà ní Ojéèrè fún ẹni tó fẹ́ ND, ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún méjì ti pólì. Yunifásítì aládàáni bíi Crescent náà ń bẹ, NOUN, yunifásítì ìjọba tí èèyàn ti lè kàwé láti ilé, sì ní ibùdó níbí fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tí kò fẹ́ jókòó ṣe UTME, ìdánwò àṣewọlé JAMB. Ọ̀nà ND lèmi gbà, kí n tó fi Direct Entry, ìgbaniwọlé tààrà sí 200 level, ìyẹn ọdún kejì, wọ yunifásítì, bó bá sì di ọ̀la, ọ̀nà yẹn náà ni màá tún gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ pólì máa ń gbọ́ lódì. Òun ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ èyí.

Direct Entry kì í kó máàkì yín wọ yunifásítì. Àyè ló ń là fún yín. Wọ́n á wo ND yín, wọ́n á ní ohun tí ẹni yìí mọ̀ tó o láti bẹ̀rẹ̀ ní 200 level, ó parí. CGPA pólì, ìyẹn ìṣirò gbogbo máàkì yín pa pọ̀, tí wọ́n ń ṣírò lórí 4.0, á dúró sórí ìwé ẹ̀rí pólì. Ti yunifásítì á bẹ̀rẹ̀ láti òdo, lórí 5.0. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Pánṣẹ́kẹ́, tó fi distinction jáde, bi mí pé, “Àǹtí, ṣé kò ní ràn mí lọ́wọ́ kí n fi first class jáde?” Mo ní á ràn án lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ló sì ti máa dágbére fún un. Inú ẹ̀ ò dùn, ṣùgbọ́n ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi ju kó dé ọ̀hún kó tó mọ̀.

Ẹ tún wo ibi tó ti ń ta èèyàn. Ẹni tó fi UTME wọlé gbọ́dọ̀ kó ó kéré tán 120 yúnìtì, ìyẹn ìwọ̀n kọ́ọ̀sì, kó tó gba oyè ọlọ́dún mẹ́rin. Ẹni tó gba Direct Entry, 90. Ó jọ pé ọ̀hún ni ìrọ̀rùn wà. Àmọ́ bí yúnìtì bá ṣe kéré tó ni kọ́ọ̀sì kan tó bàjẹ́ ṣe máa fa CGPA yín wálẹ̀ tó. Àwọn tí ẹ bá níbẹ̀ ti lo odidi ọdún kan, wọ́n ti fi GST, kọ́ọ̀sì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, àtàwọn kọ́ọ̀sì 100 level ṣe ìrọ̀rí. Ẹ̀yin ò ní ìrọ̀rí kankan. Sáà àkọ́kọ́ yín gan-an ló máa sọ bí ẹ ó ṣe jáde, ìyẹn ni mi ò fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó máa fi sáà yẹn “wo bí ilé-ìwé ṣe rí”.

Kí ẹ tó dé ibẹ̀ rárá, èsì girama yín ló lágbára jù. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti físíìsì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀, kó má sì ju ìjókòó méjì lọ. ND kì í bo àléébù yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní upper credit, ipò tó tẹ̀ lé distinction, tó mọ́lẹ̀ kedere, àmọ́ D7, tí kò tó kírẹ́díìtì, ló ní nínú físíìsì. Pólì tó lọ gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣe digital electronics, ó mọ bí iná ṣe ń gba inú bọ́ọ̀dù kọjá ju ọ̀pọ̀ lára wa lọ, yunifásítì ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Àfi ìgbà tó padà lọ jókòó sídìí NECO pẹ̀lú àwọn ọmọ tó lè pè é ní bùọ̀dá. Nítorí náà, ẹni tó bá wà ní ND1 báyìí, kó lọ yẹ èsì ẹ̀ wò lónìí. Àyè ṣì wà láti ṣe GCE kí ND tó parí.

Ní ti ND fúnra ẹ̀, upper credit bẹ̀rẹ̀ láti 3.00, lower credit láti 2.50. Àwọn ilé-ìwé kan ń gba lower credit, àmọ́ èrò pọ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, upper credit ni kí ẹ máa lé. Ẹ má gba ohun tí ẹni tó wà ní kàfé bá sọ gbọ́. Orí IBASS, ìkànnì JAMB, ni ohun tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ń béèrè wà, ẹ fi ojú ara yín kà á. Ẹ sì rántí pé JAMB kì í gbà kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ fún UTME àti Direct Entry lọ́dún kan náà. Bí CGPA yín bá wà nísàlẹ̀ 3.00, èrò tèmi ni pé kí ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó fi ọdún kan ta tẹ́tẹ́: ẹ lè ṣe UTME, tàbí kí ẹ tẹ̀ síwájú ní HND, ọdún méjì mìíràn ní pólì. Ẹni tó bá tiẹ̀ ti gba HND, mi ò mọ ìdí tó fi máa padà lọ jókòó ní 200 level nígbà tí PGD, dípúlómà ẹ̀yìn oyè, wà, tí èèyàn sì lè gba ibẹ̀ bọ́ sí Master's.

Àwọn tó fẹ́ gba IJMB tàbí JUPEB, ètò ọlọ́dún kan tí èèyàn fi ń wọ 200 level láìṣe ND, ìṣirò àti físíìsì náà ni kí ẹ mú dání. Kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè yunifásítì tí ibùdó yẹn so mọ́, torí bẹ́nà lásán ló pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Transcript, ìwé àkọsílẹ̀ máàkì yín, ni kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Pólì fúnra wọn ló ń fi í ránṣẹ́ sí yunifásítì, èyí tí wọ́n bá kó lé yín lọ́wọ́ kì í ṣiṣẹ́. Ẹ sanwó ẹ̀, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì máa lọ kí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu o.

Ìgbà tí wọ́n bá ti gbà yín wọlé ni ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì máa wá délẹ̀. Láti 2023 ni àwọn yunifásítì ti ń lo ìlànà tuntun NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, tí wọ́n ń pè ní CCMAS: ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń kọ́ jẹ́ ti NUC, ọgbọ̀n tó kù jẹ́ ti ilé-ìwé. Nínú ẹ̀, Cyber Security, Software Engineering àti Information Technology ti dúró láyè ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Computer Science, ó sì yẹ kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń kọ sínú fọ́ọ̀mù. COS 101 àti COS 102 wà ní 100 level, COS 201 ló ń dúró dè yín ní 200. COM ni wọ́n ń kọ síwájú ti pólì, orúkọ sì lè jọra kí inú má jọra. Èmi tọ́jú ìwé àlàyé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tí mo ṣe ní pólì, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú fáìlì. Olùdámọ̀ràn wa ṣí ibi tí wọ́n kọ programming sí, ó kà á, ó mi orí. Ó ṣí ti ìṣirò, ó ní, “Calculus dà níbí?” Bó ṣe kọ MTH 101 àti MTH 102, ìṣirò 100 level, mọ́ mi lórúkọ nìyẹn, pé kí n ṣe wọ́n pọ̀ mọ́ ti 200 level.

Ó dùn mí lọ́jọ́ náà. Àmọ́ nígbà tí CSC 203, kọ́ọ̀sì Discrete Structures, dé, tí wọ́n ní ká máa fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀, mo rí i pé àwọn tí wọn ò kọ MTH mọ́ lórúkọ lára wa ló jìyà jù. Pólì ti kọ́ wa ní iṣẹ́ ọwọ́: a lè tú kọ̀ǹpútà palẹ̀, a lè so nẹ́tíwọ́ọ̀kì, a ń kọ kóòdù tó ń ṣiṣẹ́. Ìṣirò ni kò rinlẹ̀ tó. Ẹ fi àkókò tí ẹ ń retí JAMB kọ́ ọ. Ẹ sì mọ̀ pé yúnìtì tí èèyàn lè forúkọ sílẹ̀ fún ní sáà kan kì í sábà ju 24 lọ, nítorí náà kọ́ọ̀sì tí wọ́n bá fi kún tiyín máa ń fún èèyàn lọ́rùn.

Ẹni tó ti wà ní yunifásítì mìíràn tó fẹ́ padà wálé, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Ìyẹn ni inter-university transfer, ibẹ̀ ni yúnìtì ti ń tẹ̀lé èèyàn ní tòótọ́. NUC gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ 200 level bẹ́ẹ̀ bí máàkì ẹ̀ bá tẹ́ ilé-ìwé tuntun lọ́rùn, tí yúnìtì tó kó wá sì bá ètò tó fẹ́ kà mu. Ọmọ Mathematics tó ń bọ̀ wá sí Computer Science lè fi ìṣirò rẹ̀ wọlé. Ìdá ọgbọ̀n tí ilé-ìwé ẹ̀ àtijọ́ ṣe fúnra wọn ló lè má rí ibi fi sí. Ó ní láti ṣe ètò transfer lọ́dọ̀ JAMB náà, wọn ó sì tún yẹ èsì girama ẹ̀ wò. Kó lọ rí HOD ibi tó ń lọ kó tó san kọ́bọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín ní Kútọ̀ pé òun mọ ẹnì kan lókè, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Láti 2017, orí CAPS, ìkànnì ìgbaniwọlé JAMB, ni gbogbo ìgbaniwọlé ń gbà. Bí orúkọ yín bá jáde níbẹ̀, ẹ tẹ Accept, kí ẹ tẹ lẹ́tà JAMB jáde, kí ẹ kó o pamọ́ sọ́dọ̀ òbí yín, nítorí ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí lọ́dọ̀ JAMB á rí i he tó bá di ọjọ́ NYSC.