Òòyì kọ́ mi ní jíìmù

Sátidé tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú ní jíìmù. Squat ni mo ń ṣe, ìyẹn kéèyàn gbé irin sí èjìká, kó lóṣòó, kó tún dìde, kílò 80 wà léjìká mi, bí mo ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kẹjọ tán tí mo sọ irin kalẹ̀ báyìí, ojú mi kàn ṣókùnkùn, òòyì ń kọ́ mi, etí mi ń hó yee, itọ́ kún ẹnu mi bí ẹni tó fẹ́ bì, òógùn tútù wá bò mí. Bọ̀dá tó ń kọ́ wa ló sáré dì mí mú, ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì lé orí bẹ́ǹṣì, kò pẹ́ tí ara mi fi wálẹ̀.

Ó ní "kí lo jẹ láàárọ̀?" Mi ò jẹ nǹkan kan o, ẹ̀bà àná ló gbẹ̀yìn. Ó tún ní òun ti ń wò mí, pé mo ń sé èémí mọ́nú tí mo bá ń dìde. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Téèyàn bá sé èémí tó ń gbé nǹkan tó wúwo, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á lọ sókè gan-an, tó bá wá sọ ọ́ kalẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ sórí á dúró sí ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, tí àyà bá ń dun ẹ̀yin, tàbí tẹ́ ẹ bá dákú pátápátá, ẹ lọ rí dókítà o.

Èmi padà lọ lánàá. Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì, mo mu omi, mo dín irin kù sí kílò 60, mo sì ń mí síta bí mo ṣe ń dìde. Òòyì kankan ò kọ́ mi.