Ẹ ka bàálù tó ń fò kí ẹ tó kówó sílẹ̀

Ohun tí òbí àti ọ̀dọ́ máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàálù ni, "Èló ni?" Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn: "Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yín ń gòkè?" Inú ìdáhùn rẹ̀ ni iye owó gidi wà. Ẹni tó fò lónìí, tí kò tún fọwọ́ kan bàálù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò lo ìdajì ẹ̀kọ́ tó kàn láti wá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé, bẹ́ẹ̀ owó wákàtí náà kò ní dín kọ́bọ̀.

Níbí ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. International Aviation College tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara dá sílẹ̀ wà ní pápákọ̀ òfúrufú wa. NCAT, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfúrufú tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ti wà ní Zaria láti 1964. Àwọn mìíràn ń wo Gúúsù Áfíríkà tàbí Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ láti Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Ìgbájà á gbọ́ orúkọ gbogbo wọn, á sì tún gbọ́ tàwọn aṣojú tí ẹnu wọn dùn juyọ̀. Ìbéèrè kan náà ni kó bi gbogbo wọn.

Àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wá. PPL ni ìwé àṣẹ awakọ̀ aládàáni: ẹ lè gbé ara yín, ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́ fò, ẹ kò gbọdọ̀ gbowó iṣẹ́ awakọ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ọmọ tó bá ti gba PPL ti di awakọ̀ iléeṣẹ́ bàálù nìyẹn. Rárá o. Iṣẹ́ owó ń béèrè CPL, ìyẹn ìwé àṣẹ awakọ̀ tó ń fi bàálù ṣiṣẹ́ jẹun. Nínú ìlànà ICAO, àjọ òfúrufú àgbáyé, ọmọ ọdún 17 lè gba PPL pẹ̀lú wákàtí 40, tàbí 35 tó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí a fọwọ́ sí ló ti gbà á lẹ́sẹẹsẹ. CPL ń béèrè ọmọ ọdún 18 àti wákàtí 200, tàbí 150 ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a fọwọ́ sí. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kì í ta PPL lọ́tọ̀. Ẹ̀kọ́ CPL látòkè délẹ̀ ni wọ́n ń gbowó fún. Ẹni tí kò fẹ́ ju kó máa fò fún ara rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ béèrè èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Àyẹ̀wò ìlera ló tẹ̀ lé e, kí owó ilé-ẹ̀kọ́ tó jáde lápò. Dókítà tí NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfúrufú ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí nìkan ló lè ṣe é. Ìpele àyẹ̀wò méjì ló kàn yín: Class 2 tó fún PPL, Class 1 ni CPL ń fẹ́. Ẹni tó ní i lọ́kàn pé òun yóò fi bàálù ṣiṣẹ́ lọ́la, Class 1 ni kó lọ gbà ní ìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé PPL ló fẹ́ kọ́kọ́ ṣe. Ojú tí kò mọ àwọ̀ yàtọ̀, ìfúnpá gíga tàbí etí tí kò gbọ́ dáadáa kì í hàn lójú. Ìgbà tí ẹ bá ti ná owó wákàtí 60 kọ́ ló yẹ kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ìwé àṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń kọ́? Ní Nàìjíríà, NCAA ló ń fún wọn, ATO ni wọ́n ń pè é. Ẹ ní kí wọ́n mú un wá, ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí, kí ẹ sì ka àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ lè ní àṣẹ láti kọ́ àwọn tó ń tọ́jú èrò nínú bàálù kó má ní àṣẹ láti kọ́ awakọ̀.

Wàyí o, kíka bàálù. Bàálù márùn-ún lè dúró sí háńgà kó jẹ́ pé ẹyọ kan ló ń gbéra: ọ̀kan ń retí ẹ̀yà ara láti òkè òkun, ọ̀kan wà lórí àyẹ̀wò, ìyókù ti jókòó di àwòrán. Ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ní nǹkan bí aago méje, kí ẹ jókòó títí di aago mẹ́wàá. Mélòó ló gbéra? Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí yóò fò lójúmọ́ sí hàn yín, ti oṣù tó kọjá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọkàn rẹ̀ mọ́ kò ní fi pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí ìgbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí kan àti díẹ̀, ń jẹ wákàtí bíi 14 lóṣù. Bàálù tó bá fò 60 wákàtí lóṣù ṣiṣẹ́ gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ni bàálù kan lè bọ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá ní akẹ́kọ̀ọ́ 30 tí bàálù méjì sì ń fò, ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ má gbàgbé pé wákàtí 100 kọ̀ọ̀kan ni bàálù ẹ̀kọ́ ń wọlé fún àyẹ̀wò ńlá. Bàálù tó ń fò 60 lóṣù ń wọlé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje-méje, ó sì lè lo ọjọ́ mélòó kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹnjiníà bá rí ohun tó yẹ kó pààrọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ẹyọ kan péré, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ń wọ háńgà pẹ̀lú rẹ̀.

Epo pẹ̀lú ń dá bàálù dúró. Cessna 152 àti 172 tó wọ́pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri ayé ń mu avgas, epo aláwọ̀ búlúù tí àwọn bàálù ńlá kì í lò. Ní Nàìjíríà, avgas ṣọ̀wọ́n, láti òkè òkun ló ń wá. Irú Diamond DA40 tó ní ẹ́ńjìnnì dísù ń mu Jet A-1, epo kan náà tí ọkọ̀ epo ń já fún bàálù èrò ní pápá. Fún ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní ìlú bíi tiwa, ìyàtọ̀ yìí ju ti àwọ̀ ara bàálù tàbí ojú aago rẹ̀ lọ. Ẹ béèrè: epo wo ni, ta ló ń gbé e wá, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi dúró nítorí epo lọ́dún tó kọjá? Níbi tí oríṣi méjèèjì bá wà, kí ẹ rí i pé wọ́n kọ orúkọ epo sí ẹnu táǹkì gàdàgbà. Jet A-1 nínú ẹ́ńjìnnì avgas lè jẹ́ kí bàálù gbéra, kí ẹ́ńjìnnì sì kú kó tó ga tó igi.

Ojú ọjọ́ wa ní tirẹ̀ láti sọ. Ẹ̀kọ́ PPL jẹ́ ti ẹni tó ń fi ojú rẹ̀ ríran lọ, òfin sì fẹ́ kó lè rí tó kìlómítà márùn-ún. Tí ọyẹ́ bá dé láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, eruku aṣálẹ̀ lè bo Òkè Sóbi mọ́ ẹni tó wà láàárín ìlú lójú. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ìfò fún akẹ́kọ̀ọ́, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan léra. Oṣù kẹta àti kẹrin ń mú ìjì ọ̀sán wá, òwúrọ̀ wọn sì máa ń dára. Ní oṣù keje àti kẹjọ, àwọsánmọ̀ a máa fara balẹ̀ láàárọ̀, ó di ìyálẹ̀ta kó tó gbé sókè. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fi ọyẹ́ jókòó ti ìwé: òfin òfúrufú, ojú ọjọ́, ìtọ́sọ́nà pẹ̀lú máàpù, bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, ìlera awakọ̀, ọ̀rọ̀ rédíò. Tí eruku bá ti ń lọ, kó wọ bàálù. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ fífò ní oṣù kejìlá láìsọ ọ̀rọ̀ ọyẹ́ rárá, ẹ bi í pé kí ló ní lọ́kàn.

Ooru pẹ̀lú ń bá bàálù jà. Pápá Ìlọrin ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1,126 ju òkun lọ. Ní ọ̀sán oṣù kẹta tí ooru bá dé 37°C, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ á fẹ́lẹ́ bíi ti ibi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4,000. Agbára ẹ́ńjìnnì á dín, apá bàálù kò ní rí afẹ́fẹ́ tó nípọn gùn, yóò sáré pẹ́ kó tó gbéra, yóò sì gòkè pẹ̀lú ìnira. Nínú Cessna 152, ohun tí ó lè gbé lẹ́yìn ìwúwo ara rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 230 kìlógíráàmù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó 90 ti jẹ 180 nínú rẹ̀, kò ní gba epo táǹkì kíkún mọ́. Ẹni tó bá sanra, bàálù tó ní ìjókòó mẹ́rin ni kó wá, kó sì fi iye owó bàálù náà ṣe ìṣirò tirẹ̀.

Pápá wa ní oore kan tí mo fẹ́ràn. Bàálù èrò tó ń wọlé lójúmọ́ kò pọ̀, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ kí tówà tó fún un láyè láti gbéra, yí pápá ká kó sì tún balẹ̀. Ní Ìkẹjà, ẹ́ńjìnnì á máa jẹ epo nígbà tí ẹ bá ń wo ìrù bàálù ẹlòmíràn. Ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé níbí gùn ju 3,000 mítà lọ, ó sì fẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ojú tó ti mọ́ ọ̀nà fífẹ̀, tó bá dé ibi tó tóóró, á rò pé òun ga jù, á sì rẹlẹ̀ kọjá bó ti yẹ nígbà tó ń bọ̀ wá balẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí pápá mìíràn déédéé. Òfin fúnra rẹ̀ ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dá fò fún wákàtí 10, kí márùn-ún nínú rẹ̀ jẹ́ ìrìn-àjò, kí ọ̀kan nínú ìrìn-àjò náà tó 270 kìlómítà, kó sì balẹ̀ ní pápá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlọrin sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sí Àkúrẹ́, Àkúrẹ́ padà sílé ju 400 kìlómítà lọ; iṣẹ́ wákàtí méjì àti díẹ̀ lókè nìyẹn fún bàálù kékeré.

Owó wá kù. Ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ 40 wákàtí sórí ìwé iye owó, tí èkejì sì kọ 60, èkejì lè jẹ́ olóòótọ́ jù. Àwọn tó ń parí ní 40 kò pọ̀. Ẹ fi 55 sí 70 ṣe ìṣirò yín. Ẹ béèrè mítà tí wọ́n fi ń ka wákàtí. Hobbs ń ka àkókò bí aago ọwọ́, láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí. Tach ń tẹ̀ lé eré ẹ́ńjìnnì, tí bàálù bá ń rìn jẹ́jẹ́ nílẹ̀ díẹ̀ ló ń kà. Ìyàtọ̀ méjèèjì lè tó 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé iye owó kékeré lórí Hobbs lè wọ́n ju iye ńlá lórí Tach lọ. Ṣé epo wà nínú owó náà? Owó olùkọ́, owó bíbalẹ̀, owó ìdánwò, owó ẹni tó ń yẹ akẹ́kọ̀ọ́ wò nígbẹ̀yìn, ìwé, ìbòtí rédíò? Ta ni adójútòfò yóò san fún tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fọ́ bàálù nígbà tó ń dá fò?

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ san owó ìfò kan ṣoṣo. Ẹ wo olùkọ́ náà kí ẹ tó wọlé. Ṣé ó yí bàálù ká pẹ̀lú yín, ó fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ife tó mọ́ gaara láti wo omi, ó wọn ọ́ìlì, ó wo táyà? Ṣé ó yọ ìbòrí orí ihò kékeré abẹ́ apá tí aago ìyára ń gbára lé? Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé lè dí ihò yẹn láàárín ọjọ́ díẹ̀, aago á sì máa purọ́ fún awakọ̀ lókè. Ṣé ó ṣàlàyé ohun tí ẹ máa ṣe kí ẹ tó gòkè, ṣé ó sì jókòó tì yín lẹ́yìn rẹ̀? Olùkọ́ tí kò gbé ọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá ìdarí, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi owó yín kó wákàtí jọ. Ẹ bi í pé ìgbà wo ló dé ibẹ̀ àti pé olùkọ́ mélòó ló ti lọ lọ́dún yìí, torí gbogbo ìgbà tí olùkọ́ bá yí padà ni tuntun máa ń tún àwọn ẹ̀kọ́ kan ṣe kó tó gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ lè dá fò.

Ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, kó rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ náà lè fún un ní fọ́ọ̀mù I-20 fún físà, kó sì fi owó yíyí ìwé àṣẹ rẹ̀ padà lọ́dọ̀ NCAA kún owó rẹ̀ bó bá fẹ́ fò nílé.

Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan, bó ti wù kí ẹ̀dínwó rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ san ti wákàtí mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ gba rìsíìtì, kí olùkọ́ fọwọ́ sí ìwé wákàtí yín lọ́jọ́ tí ẹ fò gan-an, kí ìwé náà sì máa bá yín lọ sílé. Kí àdéhùn sọ iye ọjọ́ tí wọ́n yóò fi dá owó tó kù padà tí bàálù bá dúró ju oṣù kan lọ. Tí wọn kò bá gbà, kí owó náà wà lápò yín.