Àyẹ̀wò ọdún mi: oúnjẹ ìta, òde Èkó àti ìfun tí kì í gba gbogbo nǹkan

Ọdún 2025 ti fẹ́ relé. Bí mo ṣe jókòó láti wo ohun tó gbé wá fún mi, iṣẹ́ kọ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, owó náà kọ́. Oúnjẹ ni. Mò ń rántí àwọn ibi tí mo ti jẹun lọ́dún yìí, àwọn tí a jọ jẹ ẹ́, àti àwọn òde tí mo lọ tó jẹ́ pé omi inú ike nìkan ló kàn mí lẹ́nu. Súrùlérè ni mò ń gbé, Ìsàlẹ̀ Èkó ni àwọn ará ilé ìyá mi wà, nítorí náà òde kì í wọ́n wa: ìkómọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà, ọjọ́ ìbí. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí ìwé ìpè bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí ó tó ro ti gèlè ló ti ń rò ó pé: kí ni màá jẹ níbẹ̀, ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà nítòsí?

Àìsàn Crohn ló ń ṣe mí. Dókítà Burrill Crohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ló kọ nípa rẹ̀ ní New York ní 1932. Àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àìsàn jà, ni wọ́n yíjú sí ìfun ẹni. Ìfun a wú, a dégbò, nígbà mìíràn ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà kọjá a há. Ó lè mú ẹnìkan níbikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí. Ìparí ìfun kékeré ló ti mú mi. Kí wọ́n tó fi kámẹ́rà wo inú mi, táífọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, lẹ́yìn náà wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo sì mu àgbo títí. Mo fẹ́ kó yé ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí: ṣúgà kọ́ ló fà á, ata kọ́, ayé kọ́. Oúnjẹ kì í dá àìsàn yìí sílẹ̀. Àmọ́ tí ìfun bá ti wú, oúnjẹ tí kò bá a mu a máa jẹ́ kí ojú ẹni rí màbo.

Lẹ́yìn ti Crohn, àwọn oúnjẹ kan tún wà tí inú mi kì í gbà. Mílíìkì ni àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti dàgbà, ara wa kì í fi bẹ́ẹ̀ pèsè èròjà tó ń tú ṣúgà inú wàrà mọ́. Tí ìfun kékeré bá tún wá wú, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù á tún dín. Àlìkámà tẹ̀lé e, ìyẹn ni pé búrẹ́dì, pọ́fù-pọ́fù, mít-páì àti sẹ̀mó di ohun tí mò ń fi ojú wò. Àlùbọ́sà àti aáyù, tó bá ti pọ̀. Ẹ̀wà. Àti ohunkóhun tó ní kóró tàbí èèpo líle, nítorí ibi tó há nínú ìfun mi. Kì í ṣe irú èyí tí ètè á wú tí èémí á sì fún lójú ẹsẹ̀ o. Ó ní ìwọ̀n. Àlùbọ́sà díẹ̀ nínú ọbẹ̀ lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọbẹ̀ alálùbọ́sà, sẹ̀mó, àti tíì tí wọ́n da mílíìkì sí lọ́jọ́ kan náà, òru ọjọ́ yẹn kò ní í ṣeé sùn. Ìwọ̀n yìí gan-an ló ṣòro láti ṣàlàyé, nítorí ẹni tó rí mi tí mo jẹ àkàrà kan lóṣù tó kọjá á ní, "Ṣebí o jẹ ẹ́ níjọ́sí?"

Kíkọ oúnjẹ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láàárín wa. Ẹni tó ń kọjá lọ tí wọ́n bá ní "ẹ wá jẹun" lè dáhùn pé "á gba ibi ire" kó sì máa lọ. Ẹni tó ti ra aṣọ ẹbí, tó ti jókòó sídìí tábìlì, kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì, níbi òde kan ní Èbúté Mẹ́ta, ọmọ tó ń pín small chops gbé àwo dé iwájú mi: pọ́fù-pọ́fù, sàmósà, spring roll, fúláwà ni gbogbo rẹ̀. Mo ní kó máa gbé e lọ. Jọ̀lọ́fù dé, bọ́tà ń dán lójú rẹ̀. Sẹ̀mó àti ẹ̀gúsí tẹ̀lé e. Ìyá kan tó jókòó tì mí wo ọwọ́ mi títí, ó wá rọra bi mí létí bóyá ìròyìn ayọ̀ ló wà níkùn. Kò pẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ni ináwó ti gbọ́ pé n kò fẹnu kan nǹkan kan. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, gèlè ń kan ìbòrí tábìlì: "Kí ni mo ṣe fún ẹ? Àbí o rò pé mo fi nǹkan sí i ni?"

N kò bínú sí wọn. Mo mọ iye oṣù tí wọ́n fi ń wá owó alásè kiri. Mo fà wọ́n jókòó, mo sì sọ ọ́ tán pátápátá, ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́, kámẹ́rà, oògùn, lórí ariwo gángan. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n dìde lọ sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn alásè, wọ́n sì gbé ìrẹsì funfun àti ẹja àrọ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ nìkan bọ̀ wá fún mi. "Èyí ńkọ́?" Mo jẹ ẹ́ tán níwájú wọn. Láti ọjọ́ náà, àwọn ló ń bá mi ṣàlàyé fún àwọn ẹbí tó kù, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ.

Èrò tó ti ọdún yìí jáde tó sì dá mi lójú jù lọ nìyí: fún irú wa, búkà sàn ju ilé oúnjẹ ńlá lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn á jiyàn. Wọ́n á ní ibi tó mọ́, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ni aláìsàn yẹ kó máa lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ níbi kan tó rí bẹ́ẹ̀ ní Victoria Island. Mo bi ọmọkùnrin tó ń kọ oúnjẹ wa sílẹ̀ bóyá mílíìkì tàbí fúláwà wà nínú ọbẹ̀ adìẹ wọn. Ó ní rárá, kò lọ bi ẹnikẹ́ni. Alásè wà lẹ́yìn ògiri, kò sí ẹni tó lè rí i. Mo jẹ ìwọ̀nba. A ò tíì pẹ́ lórí Third Mainland Bridge tí inú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Afárá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 12, omi lọ́tùn-ún, omi lósì, àwọn mọ́tò sì dúró gbagidi. Mo di àga iwájú mú, òógùn tútù bò mí. Ọ̀rẹ́ mi tó ń wakọ̀ pa rédíò, kò bi mí ní ìbéèrè kankan, ó kàn ń wá àlàfo láàárín àwọn dánfó títí a fi sọ̀ ní Adékúnlé, ó sì yà sí ilé epo tó kọ́kọ́ rí. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ bá mi bẹ àwọn tó ni ibẹ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn. Irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ wá wo ìyá alámàlà kan ní Yábàá. Ìkòkò rẹ̀ wà lójú mi, òun náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo ní: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú ewédú yín?"

"Ewédú, irú, káún, iyọ̀."

"Ata yín ńkọ́?"

"Àlùbọ́sà wà níbẹ̀, ó sì pọ̀ dáadáa. Kí ló ń ṣe ẹ́, ọmọ mi?"

Mo ní ìfun ni. Wọ́n ní èlùbọ́ iṣu ni àwọn fi ro àmàlà, àwọn kò da nǹkan kan mọ́ ọn, kí n fi gbẹ̀gìrì sílẹ̀. Wọ́n bu ewédú tí wọ́n ti fi ìjábẹ̀ ja títí tí kò sí ewé kankan tí eyín máa rún. Wọ́n wá dẹ ìpọnbẹ̀ sójú ọbẹ̀ ata, wọ́n re kìkì epo tó léfòó, wọ́n dà á lé e. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ohun tó tọ́ gan-an ni wọ́n ṣe. Èròjà inú àlùbọ́sà tó ń yọ inú mi lẹ́nu a máa yòrò nínú omi, kì í yòrò nínú epo. Àwọn olùwádìí ní Monash University ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, tí wọ́n ṣètò oúnjẹ tí à ń pè ní low FODMAP, ìyẹn oúnjẹ tí irú ṣúgà tí ìfun kì í gbà dáadáa kò pọ̀ nínú rẹ̀, a máa sọ ọ́ fún àwọn èèyàn wọn: din àlùbọ́sà nínú òróró, yọ ọ́ kúrò, fi òróró náà sebẹ̀. Adùn rẹ̀ á wà níbẹ̀, wàhálà rẹ̀ á dín. "Gbogbo ohun tó wà níbí," ìyá alámàlà wí, "ọwọ́ mi ló kó o síbẹ̀. Ṣáà bi mí." Wétà Victoria Island kò lè sọ irú gbólóhùn yẹn.

Oúnjẹ tí mo gbádùn jù lọ́dún yìí, Good Friday ni mo jẹ ẹ́, lọ́jọ́ 18 oṣù kẹrin, ní Pópó Àgùdà. Àgùdà ni àwọn ará ilé ìyá mi, àwọn tí bàbá ńlá wọn ti Brazil padà wá, fùrẹ́jọ̀n sì ni oúnjẹ ọjọ́ yẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ẹ̀wà tí wọ́n sè tó rọ̀, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n wá fi omi àgbọn sè é ki, tí wọ́n sì ń jẹ pẹ̀lú ẹja àti ọbẹ̀ ata, kí wọ́n wọ́n gàrí sí i. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, ìran ni mò ń wò lọ́jọ́ náà. Lọ́dún yìí, ìyá mi àgbà pè mí ní ọjọ́ méjì ṣáájú, wọ́n ní kí n wá sọ fún àwọn ohun tí inú mi ń fẹ́. A jọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n rẹ ẹ̀wà mọ́jú, wọ́n da omi rẹ̀ nù, wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n tún da omi yẹn nù, nítorí inú omi ni ṣúgà ẹ̀wà tó ń fẹ́ inú ń yòrò sí. Asẹ́ gba èèpo. Omi àgbọn kò ní ṣúgà wàrà rárá. Wọ́n se ọbẹ̀ ẹja tèmi sínú ìkòkò kékeré. Àwo kékeré ni mo jẹ, mo sì jókòó títí di ìrọ̀lẹ́ láàárín àwọn ìbátan mi, mò ń dúró kí inú mi bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà òjò kò dára, n kò sì ní fi gígùn rẹ̀ dá yín lágara. Àìsàn náà ru sókè, ó sì kọ́kọ́ ṣe bí ohun tí mo jẹ. Dókítà mi ní kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ mi wò fún calprotectin, èròjà tó máa ń pọ̀ nínú ìgbẹ́ nígbà tí ìfun bá wú. Òun ló fi ìyàtọ̀ sáàárín oúnjẹ tí kò bá mi mu àti àìsàn tó ń jí. Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì. Inú tó ń kùn lẹ́yìn mílíìkì kì í ba ìfun jẹ́. Ìfun tó wú ń bà á jẹ́. Ẹni tó bá ń rí ẹ̀jẹ̀, tó ń rù, tí ibà ń ṣe, kó má jókòó máa yọ oúnjẹ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Kó má sì fi ibuprofen pa ìrora yẹn, ó lè bà á jẹ́ sí i. Mo lo prednisolone, oògùn tó ń mú kí ìfun tó wú rọlẹ̀; oògùn náà mú ojú mi wú, ojú náà sì padà lọ sílẹ̀. Ó tán.

Ara tó dá yìí ni mo fi ń jáde láti oṣù kẹsàn-án, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ti yí bí a ṣe ń ríra padà. A kì í fi oúnjẹ ṣe ìdí ìpàdé mọ́. Freedom Park ní Broad Street, tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà àwọn òyìnbó, ni a máa ń lọ báyìí: a jókòó sábẹ́ igi, a gbọ́ orin, ẹni tó bá fẹ́ jẹun á jẹ. N kì í wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ bí mo bá lè ṣe é. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 ni mò ń wọ̀, láti ibùdó National Theatre sí Marina. Ẹlòmíràn á sọ pé ó tutù tàbí pé ó yára. Èmi, ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé mo mọ ìgbà tí màá sọ̀ kalẹ̀.

Oṣù kejìlá ti gbé òde rẹ̀ dé, ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì wà ní oṣù kìíní, ní Ìkòròdú. Mo bẹ gbogbo ẹni tó ń ṣe ináwó: ẹ jẹ́ kí àwọn alásè bu ìrẹsì funfun àti ẹja sọ́tọ̀ kí wọ́n tó da ọbẹ̀ lé e, kò náni lówó kankan sí i. Ẹ má fi tipátipá bi ẹni tí kò jẹun léèrè lójú agbo. Kí ẹ sì fi ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ han àlejò kó tó béèrè. Èmi ti pe alásè ẹ̀gbọ́n mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un: kò sí bọ́tà nínú tèmi, kí wọ́n dín ẹja kí wọ́n tó dín pọ́fù-pọ́fù nínú òróró kan náà, àlùbọ́sà kó jáde kí tòmátì tó wọlé. Ó ní kò sí wàhálà, àmọ́ kí n fi ohùn mi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí àwọn ọmọ tó máa bá òun ṣiṣẹ́ lè gbọ́ ọ fúnra wọn. Mo ti fi í ránṣẹ́.