Kí Ẹ Tó Ní Kí Wọ́n Fi Agbára Kún Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Yín

Láti ìgbà tí mo ti ṣe tuning ọkọ̀ mi, ìyẹn fífi agbára kún ẹ́ńjìnì rẹ̀, ni àwọn ọ̀rẹ́ ti ń bi mí léèrè ẹni tó bá mi ṣe é. Tí mo bá wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, èsì tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé ọkọ̀ tiwọn kì í já mọ́, pé bí wọ́n ṣe ń tẹná mọ́ ọn tó, ńṣe ló ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ fún tuning. Mẹkáníìkì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ẹni tó ni ín ṣì ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni tuning wà fún. Ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀, a kì í ní kó wá sáré ìje.

Ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an kò díjú. Ọkọ̀ òde òní ní kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì. Nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀: ìwọ̀n epo tí yóò fọ́n, ìgbà tí plọ́ọ̀gì yóò ta iná, bí tọ́bò yóò ṣe kì afẹ́fẹ́ wọlé tó. Àwọn nọ́ńbà yìí ni oníṣẹ́ tuning máa ń tún kọ. Ohun tí sẹ́ńsọ̀, àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn nǹkan nínú ẹ́ńjìnì, bá sì sọ fún kọ̀ǹpútà náà ló máa gbà gbọ́. Tí páìpù kan bá ń jò níbì kan, tàbí tí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ bá ti dọ̀tí, irọ́ ni gbogbo nọ́ńbà tí oníṣẹ́ bá kọ sílẹ̀.

Ẹ tún wo irú ẹ́ńjìnì tí ẹ ní. Tèmi ní tọ́bò, ìyẹn sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó bá lè fà sínú fúnra rẹ̀ náà ló ní. Ẹ lè yí nọ́ńbà rẹ̀ títí di ọ̀la, díẹ̀ ni yóò fi lé e. Èyí tó bá bá tọ́bò wá láti ilé iṣẹ́, ààyè ṣì máa ń wà níbẹ̀ tí wọn kò lò tán. Kí agbára rẹ̀ fi 20% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé e látinú kọ̀ǹpútà nìkan, kò ṣàjèjì. Ẹni tó bá ṣèlérí irú iye bẹ́ẹ̀ fún ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò, tí kò sì fẹ́ pààrọ̀ irin kankan, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Bí mo ṣe mọ ẹni tí mo lè fa ọkọ̀ lé lọ́wọ́ nìyí. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé orúkọ ọkọ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é nìkan ló bi mí, kíá ló ti ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, fáìlì nọ́ńbà ti wà nílẹ̀, iṣẹ́ á parí kí n tó mu omi tán. Ẹlòmíì bi mí pé irú epo wo ni mo máa ń rà, ìgbà wo ni mo pààrọ̀ plọ́ọ̀gì gbẹ̀yìn, ṣé ọkọ̀ náà ń jẹ ọ́ìlì, ṣé gíà rẹ̀ kì í yọ̀. Ó ní kí n gbé e wá láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, òun fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń jí. Ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ni mo lọ. Kì í ṣe pé fáìlì tó ti wà nílẹ̀ burú o. Ọkọ̀ tó jọra ń lo kọ̀ǹpútà tó jọra, kò sí ìdí tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí òfìfo. Àléébù ibẹ̀ ni kéèyàn ki fáìlì náà bọnú ọkọ̀ yín kó má sì wo bí ọkọ̀ yín gan-an ṣe gbà á.

Ọ̀gá yìí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó tú plọ́ọ̀gì, ó tò wọ́n sórí aṣọ, ó ń yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹnu plọ́ọ̀gì bá pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹni pé ó fẹ́ di eérú, ó dára. Tó bá dúdú fún èédú, epo ti pọ̀ jù. Tó bá funfun tó sì lé wíwú, ooru ti ń jẹ ẹ́. Ó wọn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ le tó, torí pé bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù púpọ̀, iṣẹ́ parí síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ kan tó ń tú èéfín jáde, ó dí ẹnu páìpù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń fẹ́ èéfín sínú rẹ̀. A dúró. Kò pẹ́ tí èéfín fi ń yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ibi tí rọ́bà tọ́bò ti so mọ́ irin, níbi tí ojú kò lè tó. Ó fi tọ́ọ̀ṣì sí i.

“Ẹ wò ó, ọ̀gá mi. Afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń ṣe làálàá kó jọ, ibí ló ń gbà sá lọ.”

Rọ́bà yẹn ti sán, kò ju èékánná ìka lọ. A pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìdè tuntun, mo wà á jáde, àfi bí ẹni pé wọ́n fún mi ní ọkọ̀ mìíràn. Nígbà tí mo padà dé, ọ̀gá náà ní tí èyí bá ti tẹ́ mi lọ́rùn, kí n máa gbé e lọ ilé, kò pọn dandan kí òun ṣe nǹkan kan mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fọkàn tán an, tí mo fi ní kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe fúnra yín kí ẹ tó débẹ̀. Láti 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún ní ihò OBD-II lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ ibòmíì náà ti ń lò ó. Ẹ̀rọ kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ wà tí ẹ lè kì bọ̀ ọ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ fuel trim sí. Ó ń fi hàn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bu epo kún un tàbí tó ń bù ú kúrò kí ìwọ̀n lè gún. Tó bá ń ṣeré láàárín 5% síhìn-ín sọ́hùn-ún, ara ọkọ̀ balẹ̀. Tó bá kọjá 10%, nǹkan wà lábẹ́ aṣọ. Tí iná ẹ́ńjìnì bá tàn tí ẹ sì rí kódì P0171, ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé páìpù kan ló ń jò tàbí pé sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ ti dọ̀tí.

Orí dyno, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀, ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó kù. Táyà ọkọ̀ á wà lórí róólà, wọ́n á fi okùn fífẹ̀ dè é mọ́lẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n á gbé fáànù ńlá síwájú rédíétọ̀. Ọkọ̀ á máa sá eré àsápajúdé síbẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ariwo rẹ̀ lè dẹ́rù ba èèyàn. Ẹ rí i dájú pé wọ́n kọ́kọ́ wọn ọkọ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n tó yí nọ́ńbà kankan, kí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ fún yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn bà yín lọ́kàn jẹ́. Ẹnu ẹ́ńjìnì ni ilé iṣẹ́ ti ń wọn agbára tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀, dyno sì ń wọ̀n ọ́n níbi táyà, lẹ́yìn tí gíà àti àwọn irin tó ń yí ti jẹ nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ bíi 15% kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Dyno kan kì í sì í bá òmíràn mu, ooru ọjọ́ náà tún ń mú un yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi iye tí dyno ibòmíì sọ yangàn sí yín, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìṣáájú àti ìkẹyìn, lórí ẹ̀rọ kan náà, pẹ̀lú gíà kan náà, lẹ ní í wò.

Nígbà tí tèmi wà lórí róólà, èmi ń wo agbára ẹṣin (horsepower), ọ̀gá ní tiẹ̀ kò wò ó. Ohun tó tẹjú mọ́ ni knock, ìyẹn kí epo dédé bú fúnra rẹ̀ nínú sílíńdà kí iná plọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá le nínú rẹ̀ máa ń fọ́ písítìn. Tí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, nǹkan bíi 14.7 kìló afẹ́fẹ́ ni kìló bẹntiróòlù kan ń bá jó. Tí ẹ bá tẹná dé ìsàlẹ̀, epo gbọ́dọ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lè máa tu inú ẹ́ńjìnì lára. Ọ̀gá ń sún àkókò tí plọ́ọ̀gì ń ta iná síwájú díẹ̀díẹ̀, bó ṣe rí i pé agbára kò pọ̀ sí i mọ́, ó dá a padà sẹ́yìn. Ó tún dín àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gì kù, torí pé afẹ́fẹ́ tó bá le jù kì í jẹ́ kí iná fò kọjá.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè epo yẹn fi ṣe pàtàkì. RON ni nọ́ńbà tó ń sọ bí epo ṣe lè dènà knock tó. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ fáìlì rẹ̀ fún epo RON 98, tí ẹ wá ń bu 95 sí, ẹ ti ń fi í ṣeré pẹ̀lú knock nìyẹn. Ẹ sọ epo tí ẹ ń rà lójoojúmọ́ fún oníṣẹ́ tuning, ẹ má sọ èyí tí ẹ ń gbèrò láti máa rà.

Ọgbọ́n kékeré kan rèé. Bí wọ́n bá tẹ gráàfù fún yín tó jẹ́ pé agbára ẹṣin àti torque (ipá tí ẹ́ńjìnì fi ń yí nǹkan) ní òṣùwọ̀n pound-feet ló wà lórí rẹ̀, tí òṣùwọ̀n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì dọ́gba, ìlà méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé ní 5,252 RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ọ̀kan látinú èkejì ló fà á. Tí wọ́n bá pàdé níbòmíì, ẹ ní kí oníṣẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà gíga tó wà lókè pátápátá kó sí yín lórí. Ọ̀gá bi mí pé kí ni mo ń fi ọkọ̀ ṣe, mo ní ọmọ ni mo ń gbé, súnkẹrẹ fàkẹrẹ ni mo sì ń bá pàdé. Ló bá dín torque kù nísàlẹ̀, kó tó dé 3,000 RPM. Inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́ díẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì kékeré tó ní tọ́bò ti ń tẹ irin tó di písítìn mú, ibẹ̀ náà ni gíà ti ń jìyà. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ní kúlọ́ọ̀ṣì, tí RPM bá ń gòkè tí eré ọkọ̀ kò sì gòkè pẹ̀lú rẹ̀, kúlọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀ yẹn.

Ti ìwé kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yín kí wọ́n má baà fi í kẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ṣì wà lábẹ́ wáráńtì, ẹ mọ̀ pé wọ́n lè rí i pé ẹnì kan ti wọnú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí ẹ yọ catalytic converter, ohun tó ń dín májèlé inú èéfín ọkọ̀ kù, dànù, ẹ kọ̀ jálẹ̀. Òfin kò gbà á ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òórùn rẹ̀ pàápàá tó ìyà. Kí ẹ sì gba ẹ̀dà fáìlì tí ọkọ̀ bá wá láti ilé iṣẹ́, kí ó wà lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn iṣẹ́, mò ń pààrọ̀ ọ́ìlì ṣáájú ìgbà tí ìwé ọkọ̀ sọ. Tí iná ẹ́ńjìnì bá ń ṣẹ́jú, tí kò kàn tàn lásán, ẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù lójú ẹsẹ̀: epo tí kò jó ń wọ catalytic converter lọ, kò sì ní pẹ́ bà á jẹ́. Ọ̀gá tún ní kí n máa gba àkọsílẹ̀ sẹ́ńsọ̀ sórí fóònù bí mo ṣe ń wa ọkọ̀ lójú títì, kí n fi ránṣẹ́ sí òun. Ó rí i nínú rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ń gbóná ju ti orí dyno lọ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró pẹ́ nínú súnkẹrẹ. Ó ní kí n gbé e padà wá, ó dín agbára kù díẹ̀ fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀, kò sì gba owó kankan lọ́wọ́ mi. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá irú àbẹ̀wò yẹn wà nínú iṣẹ́ tiwọn.