Irin Sìmẹ́ǹtì Òkè-Baálẹ̀

Àgbàlá kan ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, ni mo ti kọ́kọ́ gbé irin. Agolo mílíìkì ńlá méjì ni wọ́n po sìmẹ́ǹtì sí, wọ́n wá ki páìpù omi bọ àárín wọn. Páìpù náà a máa bó èèyàn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó mọ iye kílò tó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí o kò bá yọjú nírọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ẹnì kan á ti kanlẹ̀kùn yín: "Ṣé kò sí o? A ò rí ẹ lánàá."

Ní Manchester tí mo wà báyìí, irin ń dán, kílò wà lára rẹ̀, jíìmù sì ń ṣí tọ̀sán-tòru. Lọ́dún tí mo forúkọ sílẹ̀, oṣù márùn-ún gbáko ni báńkì fi yọ owó tí n kò débẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè.

Edward Deci àti Richard Ryan, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ní ohun mẹ́ta ni kì í jẹ́ kí nǹkan tètè sú èèyàn: kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló yàn án, kó rí i pé apá òun ń ká a, kó sì ní àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é. Ẹ̀kẹta yìí, ọ̀fẹ́ ni l'Óṣogbo. Èkíní ló ṣòro níbẹ̀. Nígbà tí mo lọ sílé ní Disẹ́ńbà, gbogbo ẹni tó rí mi ló ń pariwo pé mo ti rù, ẹ̀gbọ́n mi sì bi mí bóyá ara mi le. Ní Manchester, ìyá olórí funfun kan máa ń gbé irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú kan kì í yí wò ó. Ó máa ń wù mí púpọ̀.

Ohun tó mú mi padà sí jíìmù ni ọmọ Ìlá kan níbi iṣẹ́ wa. A jọ dá ọjọ́ Túsìdeé àti Fúráìdeé, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn fún àgbàlagbà, ó kéré tán. Kílò 40 tó kọ̀ mí lọ́sẹ̀ kìíní, mo gbé e lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ kẹta. Dígí ò tíì fi nǹkan kan hàn mí o, nítorí ọpọlọ ló kọ́kọ́ ń kọ́ bí yóò ṣe pe iṣan jọ kí iṣan tó tóbi. Ìwé tí mo ń kọ ọ́ sí ni mo gbà gbọ́.

Màámi ló wà lọ́kàn mi jù. Odó àti kànga ló fún wọn lágbára. Ní báyìí, ẹ̀rọ ló ń gúnyán, omi ẹ̀rọ ti wọ àgbàlá, wọ́n sì ń fọwọ́ ti orúnkún kí wọ́n tó dìde. Mo ní kí wọ́n máa dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láì fọwọ́ ti nǹkan kan.

"Ta ni yóò máa kà á fún mi?"

Èmi ni mò ń kà á, lórí fóònù, ní aago méje alẹ́ Òṣogbo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe pè, àga méjì ni mo rí: ìyá aláró ojúlé kejì ti gbé tiwọn wá.